Ẹni Tó Ń Ṣe Àmín

Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé gígùn, inú ọmọdé a dùn, inú olùkọ́ a dùn, ìyá nìkan ni í káwọ́ lérí. Ìyá Adájọ́ káwọ́ lérí lọ́dún yìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀. Bàbá wọn wà lórí omi, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé àfi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó dé ilé, a sì máa gé kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ooru mú, iṣẹ́ ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìfọṣọ ni ìyá yìí ti ń lọ aṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa kó àwọn ọmọ bọ̀, bí wọn ò bá ti ní fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Àánú nìyẹn àbí ìyà? Ẹni tó bá ti ṣọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná rí ni kó dáhùn.

Adájọ́ ni wọ́n ń pe àkọ́bí, ọmọbìnrin tí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá, ìbáà ṣe ti ẹni tó tọ̀ sílé. Ìbéèrè ni èkejì, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Màámi, kí ló dé tí a kì í rí ooru? Màámi, ṣé Ọlọ́run máa ń làágùn?" Àbúrò ni àbígbẹ̀yìn. Omi ò gbọdọ̀ kan orí rẹ̀, bàtà ò sì gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi kí gbogbo àdúgbò gbọ́ sí i.

Ẹ má bi mí pé báwo ni ẹni tí ọmọ mẹ́ta ń fà láṣọ ṣe lè dá wà. Ó dá wà ni! Láti àárọ̀ dalẹ́, òun ni wọ́n ń pè. Màámi, ebi. Màámi, ìgbẹ́. Ìyá Adájọ́, aṣọ oníbàárà dà? Gbogbo ayé ló ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹnì kan tó ń bi í pé, "Ṣé o sùn?" Bẹ́ẹ̀ kò sùn. Ó ti pẹ́ tó ti sùn gbẹ̀yìn bí èèyàn ṣe ń sùn.

Kò ráàyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí ọjọ́ Ìsinmi ni aṣọ máa ń pọ̀ jù ní ilé ìfọṣọ. Okùn àdúrà nìkan ló kù tó so ó mọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ní kùtùkùtù àárọ̀, ẹni àkọ́kọ́ á pe ẹni kejì lórí fóònù, á gbàdúrà fún un. Ẹni kejì á pe ẹni kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí okùn. Aṣáájú wọn sì ti fi òfin dè é, torí ó mọ àwọn èèyàn rẹ̀ dáadáa: ẹni tó pè ló máa gbàdúrà, ẹni tí wọ́n pè kò gbọdọ̀ sọ ju "Àmín" lọ, kí àdúrà má baà di òfófó.

Obìnrin apòògùn kan ló ń pe Ìyá Adájọ́, a sì máa gbàdúrà wàrà-wàrà bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyá Adájọ́ náà á wá pe ìyá àgbàlagbà kan tó wà ní ìdí okùn. Kò rí ìyá náà rí. Ohun tí aṣáájú sọ fún un kò ju pé orúnkún àti ojú ń yọ ìyá náà lẹ́nu. Yóò gbàdúrà fún orúnkún, yóò gbàdúrà fún ojú, ìyá náà á ní, "Àmín." Yóò gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn. "Àmín o." Ó parí. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọlidé nìyẹn, Ìyá Adájọ́ bá sọ ọ́ ní Ìyá Àmín.

Nígbà tí ọlidé dá sí méjì, ó dúró nídìí áyọ́ọ̀nù, ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lábẹ́ ẹnu. "Bàbá, mi ò tọrọ ilé, mi ò tọrọ ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹnì kan tó máa bi mí pé ṣé mo sùn. Tí ilé-ìwé bá wọlé tí mi ò rí i, mo yọwọ́ nínú okùn àdúrà yìí. Màá gbà pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ẹ̀dá ń dá gbèdéke fún Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Nǹkan kan tún wà tó ń bí i nínú. Owó orí fóònù rẹ̀ ń tán bí ẹni pé ẹnì kan ń mu ún. Ó rà á lánàá, kò sí mọ́ lónìí. Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì dá a lójú ẹsẹ̀: Ìbéèrè ló ń fi fóònù ṣeré.

"Èmi kọ́!"

"Ìwọ ni. Ta ló máa ń tẹ nǹkan nínú ilé yìí bí kò ṣe ìwọ? Ẹjọ́ ti parí."

Wọ́n ní kó má súnmọ́ fóònù mọ́. Kò súnmọ́ ọn. Owó ò sì yéé tán.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá Adájọ́ gbàdúrà fún Ìyá Àmín tán, ó ju fóònù sórí pẹpẹ ilé ìdáná bí ìṣe rẹ̀, torí Àbúrò ti figbe ta ní balùwẹ̀. Kó tó débẹ̀, tíì ti dà sórí aṣọ tí Adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ìbéèrè fẹ́ mọ ibi tí tíì ń lọ tí aṣọ bá ti mu ún. Bẹ́ẹ̀, àná ọjọ́ yẹn ni Ìyá Adájọ́ fi áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀yìn ẹ̀wù oníbàárà kan. Ọ̀gá kò bú u. Ó kàn wò ó ni, ìwò yẹn sì dùn ún ju èébú lọ. Gbogbo rẹ̀ ṣù lé e lórí pọ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ojú sókè.

"Ó sú mi! Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún ìyá yẹn. Orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀, kí ni mi ò tíì gbàdúrà lé lórí tán? Kò bi mí lẹ́ẹ̀kan rí pé báwo ni. Àmín, Àmín, Àmín! Ṣé igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni? Tí mo bá ṣubú lulẹ̀ síbí, ta ló máa mọ̀?"

Àwọn ọmọ dákẹ́ wẹ́lo. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́ lórí pẹpẹ.

Ó yíjú. Fóònù ò tíì kú. Ó gbàgbé láti pa á.

"Yéè! Mo gbé!" Ó sáré tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí aláìsàn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kò ṣe é kó, bí ẹyin náà ló sì ṣe fọ́ mọ́ ọn lára.

Ní àárọ̀ kejì, ó pe Ìyá Àmín kó lè tọrọ àforíjì, òfin ì báà máa jẹ́ òfin. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀wẹ̀, bákan náà. Ó ti bẹ Ọlọ́run pé kó fún òun ní ẹnì kan, òun sì ti fẹnu ara òun lé ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Àbí ìyá náà ti ṣubú, tí kò sẹ́ni tó mọ̀? Ó pe aṣáájú.

"Òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe ló ń gbé, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́," ni aṣáájú wí. "Òun nìkan ni. Kí ló dé, ṣé kò sí o?"

Ìyá Adájọ́ ní òun máa lọ wò ó. Bí ó ti kúrò níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó kó àwọn ọmọ, ó di ọ̀hún. Wọ́n gun àtẹ̀gùn tóóró kan tó ń rùn fún awọ àti oje tí wọ́n fi ń lẹ bàtà. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Àmín gan-an ni. Ìyá Adájọ́ dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ó wà láàyè.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá kékeré kan ló dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di férémù mú, ojú rẹ̀ ń wo òkè orí wọn díẹ̀. Ìyá Adájọ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, Mà, èmi ni mo máa ń pè yín láàárọ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ìbànújẹ́ ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kì í ṣe pé..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìbéèrè fi yọjú wo inú yàrá. "Màmá àgbà, kí ló dé tí àga yín fi jẹ́ ẹyọ kan?"

Ìyá rẹ̀ já a léèékánná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bo ojú ìyá àgbà náà, ó na ọwọ́, ó ń wá orí ọmọ náà títí ó fi bà á.

"Ìbéèrè," ni ó wí. "Ìbéèrè nìyí! Mo rò pé o ga ju báyìí lọ. Adájọ́ ńkọ́?"

"Èmi nìyí, Mà," ni Adájọ́ wí, ó sì fojú wá ẹni tó tú àṣírí. "Ta ló sọ orúkọ wa fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni. Àti ẹni tó ń ké lẹ́yìn yín yẹn, tí kì í fẹ́ kí omi kan orí. Ìyá wọn, dìde, jọ̀ọ́. Èmi ló yẹ kí n tọrọ àforíjì."

Wọ́n wọlé. Lóòótọ́, àga kan ni, tábìlì kan, ife kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyá àgbà kò fẹ́ jókòó sórí àga náà, Ìyá Adájọ́ náà kò fẹ́, ni gbogbo wọn bá jókòó sílẹ̀, àga dá dúró.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọlidé," ni ìyá náà wí, "tí o bá gbàdúrà tán, o kì í pa fóònù. O kàn máa ń jù ú síbì kan tí o sì ń sá lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ bá ọ pa á. Mo wá gbọ́ tí ọmọ yìí ń béèrè bóyá Ọlọ́run máa ń làágùn. Mo ní kí n gbọ́ èsì rẹ̀ ná. Láti ọjọ́ yẹn, n ò pa á mọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa á o, má rò pé ojú ló ṣe mí. N ò fẹ́ pa á ni. Mo máa ń gbé yín sórí tábìlì, kí n fi jẹ búrẹ́dì mi. Tí owó bá tán, ẹ ó gé."

Adájọ́ rọra yíjú sí àbúrò rẹ̀. Kò dá ẹjọ́ kan kó yí i padà rí láyé rẹ̀.

"Mo sọ fún yín!" Ìbéèrè fò sókè. "Mo sọ fún gbogbo yín pé èmi kọ́!"

"Ó dáa, ẹjọ́ ti yí padà," ni Adájọ́ ráhùn.

"Ọjọ́ kan wà," ni ìyá àgbà tún wí, "ó gé kí n tó mọ̀ bóyá Àbúrò rí bàtà rẹ̀ kejì."

"Ó rí i, Mà. Inú ìkòkò ló jù ú sí," ni Adájọ́ wí.

"O ṣé o. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn ní gbogbo ọjọ́ náà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán. "Ọjọ́ tí o wá sọ̀rọ̀ yẹn, mo ní ó parí, ó ti mọ̀ pé mò ń fetí kọ́. Ojú tì mí. Fóònù ń dún, mo jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé o ní mi ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ojoojúmọ́ ló wà lẹ́nu mi, ọmọ mi. Wọ́n ní Àmín ni kí n máa ṣe. Ẹni tó wà ní ìdí okùn, kò lẹ́ni tó máa pè, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀." Ó wá ọwọ́ Ìyá Adájọ́ títí ó fi rí i, ó dì í mú. "Ṣé o sùn?"

Ìyá Adájọ́ la ẹnu láti dáhùn. Ẹkún ló dé, ẹkún gbogbo ọlidé látòkèdélẹ̀, àwọn ọmọ ń wò ó, kódà Ìbéèrè kò béèrè nǹkan kan.

"Rárá, Mà," ni ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mi ò sùn."

"Mo mọ̀," ni ìyá náà wí. "Ó máa ń hàn lóhùn rẹ."

Ilé-ìwé wọlé. Àbúrò náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, ilé sì sinmi lóòótọ́, ó sinmi jù. Kí n má purọ́ fún yín, kò sí ohun tó yí padà nílẹ̀: ọkọ̀ bàbá wọn ò tíì gúnlẹ̀, aṣọ ọjọ́ Ìsinmi ò dín kù. Ìyá Adájọ́ ti sin àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ó padà wálé mú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó bá dúró láàárín ilé ìdáná. Ife mẹ́rin wà nínú agbada tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ tó ti ń wá látọjọ́ yìí lè wúwo tó báyìí.

Fóònù dún. Ìyá Àmín ni, ẹni tí kì í pe ẹnikẹ́ni.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ, Mà."

"Àbúrò wọ bàtà?"

"Ó wọ̀ ọ́. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́."

"Ó ṣeun. Ìwọ ńkọ́, ṣé o sùn?"

"Mo sùn díẹ̀, Mà."

"Díẹ̀ náà dáa." Kò sí ariwo ọmọ kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn. "Ibí náà dákẹ́," ni ìyá àgbà wí. "Máa ṣe iṣẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n má pa á o. Owó tèmi là ń jẹ lónìí."

"Mi ò ní pa á, Mà."

Ó gbé fóònù sórí pẹpẹ, ó dojú rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife, ó ń jẹ́ kí wọ́n ró ju bó ṣe yẹ lọ.