Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ọ̀fẹ́ fún Líìgì

Ọwọ́ Verna Hostetler wà nínú omi ìfọbọ́ nígbà tí lẹ́tà náà dé. Luella Pruitt tí wọ́n jọ ń dáná ló ya á, torí Luella kì í rí lẹ́tà kó má ya á, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíì.

“Verna, wọ́n ti yọ wá.”

“Kúrò níbo?”

“Kúrò nínú ìwé àwọn tí kì í san owó-orí. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta gbáko la ò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.”

Verna nu ọwọ́ ó sì gba lẹ́tà náà kà fúnra rẹ̀. Ilé ìdáná ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní òpópónà Tallman, ní ìlú Corliss, wọn kì í ta nǹkan kan. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ń jèrè nìkan ni ìjọba ń béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Orrin ọkọ rẹ̀ ló máa ń jókòó ti fọ́ọ̀mù yẹn lọ́dọọdún. Orrin sì ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà, torí kò mọ̀ pé òun máa kú.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìlú ti wá bu owó-orí lé ilé náà. Bí oṣù bá parí tí wọn ò san án, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa. Ọgọ́ta èèyàn ló ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn míì nínú wọn kì í sì í jẹ òmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

“Ṣé o mọ àwọn tó ṣì wà nínú ìwé náà?” Luella da ṣíbí sílẹ̀ gbàà. “Líìgì! Líìgì Adágún Ńlá, àwọn tó ni pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìnkùlé wa yìí. Ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ni àwọn náà. Ọ̀gá wọn ń gba ogún mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, kì í wá èrè o! Èrè ló ń wá òun kiri!”

“Kí ni ká wá ṣe sí i?”

“Òfin ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fi ìwé wọn hàn án lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ wo bí wọ́n ṣe kọ tiwọn, ká lè kọ tiwa bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?”

“Èmi? Bí mo bá débẹ̀, ẹnu mi á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìwọ lojú ẹ jọ ojú èèyàn jẹ́jẹ́.”

Verna mọ pápá yẹn dáadáa. Gbogbo ẹgbẹ́ kéékèèké ìlú Corliss, láti orí ṣọ́ọ̀ṣì dé orí àwọn panápaná, ló máa ń fi èèyàn ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday láti ta sọ́séèjì fún àwọn tó wá wòran. Ẹni tó ń tà kì í gba kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni líìgì máa ń fún ní díẹ̀. Orrin ló ń lọ fún ilé ìdáná. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dúró ní ibùdó kẹrìnlá, ó sì máa ń gbé òórùn àlùbọ́sà díndín wọlé wá bá a.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, Verna wọ ọ́fíìsì líìgì. Oòrùn ràn yòò lára gíláàsì, tábìlì tò lọ bẹẹrẹ, kò sì sẹ́ni tó jókòó ti ọ̀kankan nínú wọn. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn débi pé kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà dìde kí ó tó la ẹnu.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin Hostetler. Ìwé tí ẹ wá wò ti wà nílẹ̀.”

Verna ò sì tíì dárúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ṣí ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti kó àwọn èèyàn jọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún un, ojú ewé lórí ojú ewé. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ títí dé ibùdó kẹrìnlá. Orrin Hostetler ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ṣí ti èṣí, Orrin wà níbẹ̀. Ó ṣí ti ìdúnta, Orrin ṣì wà níbẹ̀, wákàtí tí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

“Wọ́n ti ṣàṣìṣe,” ni Verna wí. “Ọkọ mi ti kú.”

“A mọ̀, mà. A fi òdòdó ránṣẹ́.”

Ọkùnrin kan tó ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀ wẹ́rẹ́, pẹ̀lú kóòtù eléérú, ló sọ ọ́. Ó ní Wendell Sprague ni orúkọ òun. Òótọ́ ni wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́ nígbà ìsìnkú, Verna rántí rẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ọsàn.

Sprague fa bébà kan yọ, ó sì tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé Orrin ló wà lórí rẹ̀: orúkọ rẹ̀, orúkọ ilé ìdáná, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àyè tó yẹ kó kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí sí ṣófo.

“Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” Sprague wí. “Wọ́n rò pé bí àwọn ò bá kọ ọjọ́, àwọn lè lọ nígbà tó bá wù wọ́n. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni wọn kì í kà. Bí kò bá sí ọjọ́, ẹni náà á máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣì wà.”

“Kí ni ẹ fẹ́ fi òkú ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ lówó tó báyìí!”

“Ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè gbọ́dọ̀ ní àwọn tí kì í gba nǹkan, mà. Bí ìjọba bá wá yẹ̀ wá wò, àwọn la máa fi hàn. Àwọn ló gbé wa ró.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ṣé ẹ fẹ́ rí i?”

Afárá onígíláàsì ló so ọ́fíìsì náà pọ̀ mọ́ pápá. Kò sí ìdíje lọ́jọ́ náà, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún àga ló ṣófo. Síbẹ̀, òórùn àlùbọ́sà díndín gba gbogbo ibẹ̀. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì mẹ́ta ló dúró pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù aláwọ̀ ọsàn, wọ́n kọjú sí pápá tí kò séèyàn nínú rẹ̀. Verna rí àgbà panápaná kan láàárín wọn, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó di ọwọ́ kóòtù Sprague mú kó tó mọ̀.

Orrin wà ní ibùdó kẹrìnlá. Ó ń nu tábìlì. Ó ká tówẹ́ẹ̀lì sí mẹ́ta, ó gbé e lé èjìká òsì bó ṣe máa ń ṣe nílé. Òróró ti jó ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó tún ti jó o lórí ibi tó ti jó tẹ́lẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀. Kí ni kí n fún yín?” Ojú rẹ̀ ré kọjá lórí Verna bí ẹni pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

“Sọ́séèjì kan,” ni Verna wí.

Orrin la búrẹ́dì, ó kọ́kọ́ tẹ́ àlùbọ́sà sísàlẹ̀, kó tó gbé sọ́séèjì lé e. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Corliss àfi Verna, torí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jáde, àlùbọ́sà tó wà lókè bọ́ sí aṣọ rẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Orrin kò gbójú sókè. “Ta ló ń se ọbẹ̀ lónìí?” ló béèrè, wúyẹ́wúyẹ́.

“Luella ni.”

“Á tún ti da iyọ̀ sí i.”

“Orrin, ṣé ó rẹ̀ ọ́?”

“Ó rẹ̀ mí, Verna. Ó rẹ̀ mí gan-an.” Ó nu tábìlì. “Ẹ káàbọ̀. Kí ni kí n fún yín?”

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, Sprague gbé fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Ó ní bí Verna bá fọwọ́ sí i láti máa bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, líìgì á gba ilé ìdáná sábẹ́ ìwé tirẹ̀, ìlú ò sì ní lè béèrè ohunkóhun mọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, oṣù á parí, ilé ìdáná á tú ká.

“Orrin ńkọ́?”

“Bí kò bá sí ẹgbẹ́ mọ́, kò sí iṣẹ́ mọ́. Á lọ sinmi.”

Verna gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde láìfọwọ́ sí nǹkan kan.

Nígbà tí Luella bi í léèrè, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun rí ìwé. Kí ló tún máa wí? Bí Luella bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, á pe dókítà. Ohun tó sì dùn ún jù kò ṣeé sọ sétí ẹnikẹ́ni: ọgọ́ta alààyè wà níwájú òun, òkú kan ṣoṣo lòun sì yàn. Ojoojúmọ́ ló ń bu ọbẹ̀ fún wọn, tí kò lè wo ojú wọn. Dewitt, tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ irin pa, béèrè ibi tí òun máa gbà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Verna ní òun ò tíì mọ̀.

Ní Friday tó ṣáájú ìparí oṣù, Luella já wọlé tijótijó.

“Jókòó kó o gbọ́! Mo ti lọ bá wọn. Onírọ́ ni ẹ́, Verna. Ọkùnrin náà ní o wá, o rí gbogbo ìwé, wọ́n fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, o kọ̀! Èmi ti fọwọ́ sí i. A ti padà sínú ìwé!”

Verna gbá a lápá mú. “Ọjọ́ tó máa parí ńkọ́? Ṣé o kọ ọjọ́ síbẹ̀?”

“Mo fi í sílẹ̀. Àbí kí n kọ ọjọ́ ikú mi ni?”

Ìgbà yẹn ni Verna sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àga tó ṣófo dé orí ọwọ́ Orrin tó bó. Luella rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ọ̀sẹ̀ méjì lo fi purọ́ fún mi lójúkojú, tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń bẹ̀rù ebi. Ìtàn òkú lo wá fẹ́ fi bò ó? Lọ sùn, Verna. Ó ti rẹ̀ ọ́.”

“Mo bẹ̀ ọ́, Luella. Má lọ lọ́jọ́ Sunday.”

“Àní màá lọ!”

Ó sì lọ. Verna jókòó nílé, ó ń wo ìdíje náà lórí tẹlifíṣọ̀n, bóyá wọ́n á fi ibùdó kẹrìnlá hàn. Wọn kò fi í hàn.

Ní Monday, ó tètè dé òpópónà Tallman. Luella ti dé ṣáájú rẹ̀, ìkòkò ti wà lórí iná. Tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ká sí mẹ́ta wà ní èjìká òsì rẹ̀. Verna kí i, ṣùgbọ́n tábìlì ni Luella ń nù ṣáá. Aago méjìlá lù, àwọn èèyàn tò wọlé, inú wọn dùn pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Verna ti ṣíbí bọ ọbẹ̀ ẹ̀wà náà, ó tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ Luella, tí gbogbo àdúgbò ti ń ráhùn nípa iyọ̀ rẹ̀ láti ọdún méjìlá, kò ní iyọ̀ rárá.

Dewitt ló wà níwájú. Ó tọ́ tirẹ̀ wò, ó sì rẹ́rìn-ín sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. “Luella! Ta ló gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹ? Àbí líìgì ti gbé e lọ ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dúró de èsì tó máa fún un, torí kò sẹ́ni tó máa ń fi Luella ṣe yẹ̀yẹ́ tó ń lọ lásán.

Luella gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ré kọjá lórí Dewitt, ó ré kọjá lórí Verna.

“Ẹ káàbọ̀,” ló wí. “Kí ni kí n fún yín?”