Àga Tí Télọ̀ Wọ̀n Mọ́ Ìyàwó Rẹ̀ Lára

Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí Télọ̀ ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀, bí obìnrin náà bá ti gbé ìbòjú iṣẹ́ wọ̀, tí ẹ̀tapàrà iná bẹ̀rẹ̀ sí í fò lára irin, ọkùnrin yìí á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, á wá fara ti ẹnu ọ̀nà, á máa wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọge. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣebí ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ìyàwó oníyàwó.

Wẹ́dà ni obìnrin náà. Iṣẹ́ ti sọ wọ́n lórúkọ ládùúgbò: Wẹ́dà ni wọ́n ń pe ìyàwó, Télọ̀ ni wọ́n ń pe ọkọ. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Wẹ́dà, ọkọ rẹ̀ sì sígbọnlẹ̀, ó tún wá yọ ikùn lé e. Bí wọ́n bá jọ ń rìn lọ, ẹ ó rò pé bàbá kan ló ń mú ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀ o. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni Wẹ́dà fa ọkọ̀ kan wálé. Ọkọ̀ eré sísá ayé ìgbà kan ni: ilẹ̀kùn méjì, àga méjì, imú gígùn, ìdí kúkúrú. Nígbà tí Wẹ́dà wà ní ọmọge, bí irú rẹ̀ bá ń kọjá lójú títì, àwọn èèyàn á dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó fà wálé yìí, òjò ti jẹ ẹ́ gan-an ni. Ìpẹtà ti mú ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè na ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ obìnrin wá kí wọn lọ́jọ́ kejì, ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pòṣé.

"Ìyàwó wa, kí ni wàá fi èyí ṣe? Òkú lo gbé wálé yìí o."

"Òkú kọ́, Àǹtí mi. Ó kàn sùn wọra ni."

Àǹtí wo Télọ̀ bóyá ó máa bá ìyàwó rẹ̀ wí. Télọ̀ ní kí wọ́n wá jókòó nínú ilé.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Wẹ́dà bá ti jó irin àwọn oníbàárà tán lójúmọ́, ìdí ọkọ̀ yìí ló kàn. Kò gé gbogbo ilẹ̀ tó jẹrà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ara ọkọ̀ má bàa wọ́. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ni yóò gé, yóò jó irin tuntun dí i, yóò dúró kó tutù pátápátá, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gé òmíràn. Oṣù méje ni ilẹ̀ nìkan gbà á. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, páálí ìṣáná ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ibi tí páálí bá ti há, á fi fáìlì yún un. Ibi tí páálí bá ti já bọ́, á jó irin díẹ̀ lé e, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ta ló máa rí i? Kò sẹ́ni tó máa rí i. Òun máa rí i, ó parí.

Kì í sì í ṣe pé ó kàn fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà látijọ́. Ó máa ń sọ pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ wọn tán. Ó yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó gbé èyí tó lágbára jù ú lọ síbẹ̀ láti ara ọkọ̀ tí kò tíì gbó, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irin tó dì í mú. Ó yí bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ó fà á wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Sàlẹ́ńsà rẹ̀, òun ló tẹ̀ ẹ́, tó gé e, tó jó o, tí ohùn ọkọ̀ náà fi wá kì, tí kò sì pariwo. Ọ̀dà aláwọ̀ aró ló kùn ún, ó kùn ún lẹ́ẹ̀meje, ó sì ń fi sáńpépà àti omi dán an láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan Télọ̀ bá a níbi tó ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó di ojú kan, tó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣẹ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Télọ̀ rọra padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìwé ló wá kù. Ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni iléeṣẹ́ ayẹ̀wò ọkọ̀ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá yege, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, kò sì ní í tẹ ojú títì mọ́ láéláé. Wẹ́dà ti dá lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ó ń rú èéfín. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ ń fà sápá kan, àti pé àga bọ́ọ̀sì gbàgàdà tó gbé síbẹ̀ kò dúró dáadáa. Ó tún èéfín ṣe, ó tún bíréèkì ṣe. Ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ bá mi rán àga."

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá inú Télọ̀ dùn. Ọdún márùn-ún ló fi ń wá ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò ti kan ọkọ̀ yẹn. Kò mọ sípánà, kò mọ bóòtù, bó bá ní kí òun gbé nǹkan, á gbé e ṣubú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa téèpù yọ.

"Dúró dáadáa. Gbé apá sókè."

"Àga ni mo ní kẹ́ ẹ rán o, mi ò sọ pé gáùn."

"Ta ni télọ̀ níbí? Ẹni tó ni aṣọ là ń wọ̀n, a kì í wọn hángà. Jókòó báyìí."

Ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn ìbàdí, ó wọ̀n ọ́n láti ìbàdí dé orúnkún, àti láti orúnkún dé gìgísẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, lójú ewé tó máa ń kọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ sí. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ náà wá wọn òun fún àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ni yóò máa jókòó síbẹ̀. Wẹ́dà fa téèpù náà títí, ó dúró.

"Ibi ikùn yìí ńkọ́?"

"Fò ó. Ikùn ò sí nínú ọ̀rọ̀ àga."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó gé fóòmù ní ìpele ìpele, ó gbé ẹ̀gbẹ́ àga náà sókè díẹ̀ kó lè gba ìbàdí mú, ó rán awọ rẹ̀ lójú méjì. Ọjọ́ tó gbé e dé, tí ìyàwó rẹ̀ sì dè é mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, Wẹ́dà wọlé, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé sítíárìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bíréèkì láì nà.

"Ṣé kò há?"

"Kò há."

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí, ó dijú, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Télọ̀ bá yíjú sápá kan, ó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Lọ́jọ́ ayẹ̀wò kẹta, Télọ̀ ní òun máa bá a lọ. Kò tẹ̀lé e débẹ̀ rí. Ọgbà ńlá ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sílẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ kòtò kan sí àárín tí wọ́n ti ń wo abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò jáde. Ọkùnrin gìrìwò ni, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ẹnu ọ̀nà. Àyẹ̀wò méjì àkọ́kọ́ kò dé ìdí kòtò yìí; lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ kòtò lọ, ó ń fi òòlù kékeré kan ilẹ̀ ọkọ̀ náà kó kó kó, ó wá dákẹ́.

"Ta ló jó irin yìí?" ó bi Télọ̀.

"Ìyàwó mi ni."

Ọ̀gá yọrí látinú kòtò, ó wo Wẹ́dà, ó tún un wò. "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò rí irú èyí rí." Ó wo iná, ó wo táyà, ó wo èéfín, gbogbo rẹ̀ ló sàmì yíyege sí. "Ó ku kí n wà á yí ọgbà po, kí n tẹ bíréèkì rẹ̀ fúnra mi."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó ki ẹsẹ̀ kan bọ inú, ó rọra jókòó. Ìdí rẹ̀ kò lọ. Ó jáde, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìdí kọ̀. Ó mí sínú, ó ti ara rẹ̀ wọlé tipátipá, orúnkún rẹ̀ bá há sábẹ́ sítíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè rìn dé bíréèkì. Télọ̀ ló fa ọ̀gá lápá kó tó lè jáde, òógùn ti bò ó.

"Mi ò ní fi yín ṣeré," ọ̀gá wí. "Ọkọ̀ tí mi ò bá wà, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn yín yẹn, ẹ jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí mo bá padà dé tí mi ò rí ibi jókòó, ó kùnà nìyẹn."

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa àga ọkọ̀, irin àga ni ì bá wọ̀n, kó rán ohun tó lè gba gbogbo èèyàn. Òun wá wọn ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ òde. Iṣẹ́ ọdún márùn-ún rèé, ọwọ́ télọ̀ ló fẹ́ bà á jẹ́. Ó fa àlùmọ́gàjí yọ lápò, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wá ojú rírán.

"Máà jáyà, màá tú u. Tí mo bá ti yọ fóòmù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á wọlé." Ó ti ki ẹnu àlùmọ́gàjí sábẹ́ òwú àkọ́kọ́ nígbà tí Wẹ́dà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ gbé e kúrò."

"Ọkọ̀ ẹ fẹ́ lọ!"

"Mo ní kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Bàbá wa, láti bí ọgbọ̀n ọdún, ìbọ̀wọ́ ọkùnrin ni mò ń wọ̀ ṣiṣẹ́, àkísà ni mò ń kì sórí ìka rẹ̀. Okùn ni mo fi so ìbòjú mi kó má bàa já bọ́. Gbogbo àga tí mo ti jókòó lé nídìí iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀. Èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa bá mi lára mu. Ẹ ò ní tú u."

Télọ̀ yọ àlùmọ́gàjí kúrò. Wẹ́dà ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ sípánà kan.

"Ẹ bọ́ sápá kejì. Àga tiyín la máa gbé síbí."

Bóòtù mẹ́rin níhìn-ín, bóòtù mẹ́rin lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù yẹn padà, àga méjèèjì ti pààrọ̀ ibùjókòó, bóòtù sì wọ ihò rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀gá padà dé, ó wo àga, ó wo Télọ̀, ó wo ikùn Télọ̀. Ó jókòó.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Àga rèé!"

Ó tan ọkọ̀, ó lọ. Télọ̀ ò tíì dúró níta wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń sáré rí. Ó rọra ń kùn, ó gba kọ́nà láì tẹ̀, oòrùn ń yọ́ lára rẹ̀ lọ láti imú dé ìdí, kò ṣẹ́ níbì kankan. Àwọn awakọ̀ tó wà lórí ìlà sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ wọn. Ọ̀gá tẹ bíréèkì lójijì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró pa pọ̀, gbọnrangandan. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ò sí nínú òfin, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìwé fún Wẹ́dà.

Wọ́n fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè dá àga padà. Ìgbà yìí ni orí Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálé.

"Dúró ná. Apá ibí fún ju apá kejì lọ nítorí sàlẹ́ńsà. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Báwo ni ihò wọn ṣe bára mu?"

"Mo lu ihò mìíràn mọ́ ọn."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ gbé àga dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá yẹn ti já mi kulẹ̀, mo mọ bó ṣe tóbi tó. Mo kàn rò pé ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ló máa wà níṣẹ́ lónìí."

"O ti mọ̀ látọjọ́ náà? Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Wẹ́dà ń de bóòtù kẹta lọ́wọ́, kò gbórí sókè.

"Ká ní mo sọ fún yín, ẹ̀ bá ti tú u lọ́jọ́ náà gan-an."

Òótọ́ ni, Télọ̀ ì bá ti tú u. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di àga náà mú gírígírí kí ìyàwó rẹ̀ lè de èyí tó kù.