Omi Ìgò Tí Mi Ò Kán Sí I

Kí ló ń dá a dúró? Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Páálí ti ṣí. Ṣokoléètì tí wọ́n fi bo èso ṣẹ́rì tò síbẹ̀, wọ́n ń dán bíi bàtà ọjọ́ Sọ́ńdè… gé e, Dádì, gé e, kí n rí ẹ̀rín rín.

Àbí kó má gé e.

Rárá, kó gé e. Ọ̀bẹ á pàdé ṣúgà líle, omi kankan ò ní ṣàn jáde, ojú wọn á sì — mo fẹ́ rí ojú wọn. Èmi Corwin, tí mo da iyọ̀ sínú kọfí olùkọ́, tí mo kúrò níléèwé kí wọ́n tó lé mi. Èyí ló yẹ kó dùn jù nínú gbogbo eré tí mo ti ṣe. Kí ló wá dé tí ẹnu mi korò báyìí?

Mọ́mì wọ kóòtù. Inú ṣọ́ọ̀bù ṣokoléètì wa ló wà, ó wọ kóòtù. Ìlú Grand Rapids ló ń kó lọ, ẹrù rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò, bàtà ló jókòó sí àyè mi. Àmọ́ kò lè lọ láìjẹ àkọ́gé. Látìgbà bàbá bàbá mi la ti ń ṣe é: tí páálí àkọ́kọ́ bá tó jẹ, tọkọtaya á gé ẹyọ kan sí méjì, wọ́n á jẹ ẹ́ lójú ara wọn. "Ìyẹn nìkan ló kù." Ohun tó wí láàárọ̀ nìyẹn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa abọ́ tí kò tíì fọ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ òkúta.

Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é. Mo kéré, mo jókòó sórí tábìlì, ó ń po ṣúgà funfun tó máa fi bo ṣẹ́rì kó tó rì í sínú ṣokoléètì. Ó kán omi ìgò kékeré sí i. "Ẹ́ńsáìmù nìyẹn, ọmọ mi. Ṣé o rí ṣúgà? Méjì ló so kọ́ra." Ó ní ẹ́ńsáìmù ní kòtò kan lára tó ṣe rẹ́gí ṣúgà. Ṣúgà á kó sí i, ẹ́ńsáìmù á di apá kan mú gírígírí, á tú ibi tí wọ́n ti so. Ìdajì kan á já, á bá tirẹ̀ lọ. Ìdajì kejì á há síbẹ̀… títí omi á fi dé, tí á gbà á sílẹ̀. "Ẹ́ńsáìmù náà ńkọ́, Mọ́mì?" "Nǹkan kan ò ṣe é. Á tún wá òmíràn mú." Ó tún sọ nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ mo ti ń lá ọwọ́ mi, mi ò… Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun líle ti di omi, ó sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dùn ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ náà nìyẹn — "Corwin, àwa méjèèjì á gbádùn ju báyìí lọ." Ẹ̀yin méjèèjì. Èmi wá ńkọ́? Èmi ni ṣokoléètì tí wọ́n fi bò ó lẹ́yìn, àbí?

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kán omi ìgò yẹn sí ṣúgà nígbà tí wọ́n ní kí n kán an. Omi ẹ̀rọ lásán ni mo kán. Mo tún ń súfèé. Dádì bi mí: "O ti kán an, ọmọ jàǹdùkú?" "Mo ti kán an, ọ̀gá mi pátápátá!" Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Dádì náà rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá kan náà.

Ohun tí wọn ò bá kán an sí, kò ní pín… ọgbọ́n ọmọdé ni, mo mọ̀. Àmọ́ tó bá le, wọ́n á ní ká tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì míì. Mọ́mì ò ní lọ láìjẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń bínú á ti — ọ̀bẹ ti wọlé. Ṣokoléètì là, pá.

Omi.

Kò pọ̀. Ó yí ṣẹ́rì ká bí òrùka, ìyókù ṣì funfun, ó ṣì le. Àmọ́ omi ni, ó ń kán sórí pákó. Ta ló… mi ò kán an! Mi ò kán nǹkan kan! Èso yẹn fúnra rẹ̀ ni. Omi kíkan inú rẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́ láti inú wá, díẹ̀díẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ohun tí Mọ́mì sọ nígbà tí mò ń lá ọwọ́ nìyẹn — "Láìsí ẹ́ńsáìmù pàápàá, wọ́n á já, ọmọ mi. Á kàn pẹ́ ni."

Á kàn pẹ́ ni.

Mọ́mì ti jẹ tirẹ̀. Ìdajì ti Dádì ṣì wà láàárín ìka rẹ̀, kò lè gbé e sẹ́nu. Mo sì ti ń wá ẹni tó kán irú omi ìgò yẹn sí ìgbéyàwó wọn láti ọjọ́ yìí. Lọ́yà. Grand Rapids. Èmi àti iléèwé tí mo fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kán nǹkan kan. Ó ti ń yọ́ tipẹ́, nígbà tí mò ń da iyọ̀ sínú kọfí, tí mò ń fi ẹ̀rín pa wọ́n nídìí oúnjẹ alẹ́, tí mo rò pé èmi ni mo so wọ́n pọ̀… Ṣokoléètì ni mí lóòótọ́. Mo kàn bò ó, ó ń dán, ìyẹn ni a ò fi rí i.