Adágún Tí A Kò Wọ̀

Kí n má rẹ́rìn-ín. Kí n ṣáà má rẹ́rìn-ín níwájú wọn, Ọlọ́run jọ̀ọ́. Kí n fajú ro díẹ̀, kí n tẹ orí ba, kí n ṣe bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Òfò náà kúkú ni. Àbí òfò kọ́? Wọ́n fagi lé omi wíwẹ̀, èmi tó jẹ́ pé inú omi ni mo ti ń borí wọn... ẹkún ló yẹ kí n máa sun báyìí. Kí ló wá dé tó ń ṣe mí bíi kí n fò sókè?

Wọ́n kéde ẹ̀. Mi ò lálàá. Ọkùnrin tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ohùn ẹ̀ ti há: "Òjò àná ti wọ́ igi àti ìdọ̀tí wọ inú adágún. Ẹnikẹ́ni ò ní wọ omi lónìí o! Ẹ ó sáré, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́, ẹ ó tún sáré." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ mi ò gbà á gbọ́. Nígbà kejì, nǹkan kan tú nínú àyà mi, bí ìgbà téèyàn bá bọ́ bàtà tó há.

Mo ṣì jókòó sórí korobá tí mo dojú ẹ̀ dé, ní ibi ìpààrọ̀ tí gbogbo wa to ẹrù sí. Kẹ̀kẹ́ mi rèé, akoto lórí ọwọ́ ẹ̀, bàtà eré nílẹ̀, aṣọ ìnura lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Aṣọ rọ́bà tí mo fẹ́ fi wọ omi ṣì wà lára mi dé ìbàdí, apá ẹ̀ méjèèjì ń fì. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí: kí n lúwẹ̀ẹ́, kí n gun kẹ̀kẹ́ la igbó kọjá, kí n sáré gun òkè. Ìdíje ìkẹyìn ọdún sì ni tòní. Bí mo bá ṣáájú Ehoro dé òpin, ife-ẹ̀yẹ ọdún di tèmi. Bí òun bá ṣáájú mi, ó di tiẹ̀. Torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pe ọmọ náà ní Ehoro. Tó bá ti di orí òkè, ẹ̀yìn bàtà ẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Nínú omi ẹ̀wẹ̀, òkúta ni. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fi í sílẹ̀. Ẹja Àrọ̀ ni Kóòṣì ń pè mí.

Kóòṣì fúnra ẹ̀ ti wá bá mi kẹ́dùn. Ó lóṣòó síwájú mi, orúnkún ẹ̀ ń ké, ó gbá mi léjìká. "Ẹja Àrọ̀, omi ló dànù, agbè ò fọ́. O ṣì ní kẹ̀kẹ́." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ojú bàbá náà pọ́n... Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé omi tó dànù yẹn, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan bá mi dà á nù?

Rárá. Kí ni mò ń sọ? Ó rẹ̀ mí ni. Ọ̀rọ̀ òróró àárọ̀ yìí ló dà mí láàmú.

Òróró... Ìtìjú gbáà. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ ọ́n: tó o bá ti fi òróró pa ọrùn kí rọ́bà má baà bó ẹ, má ṣe sún mọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́. Òróró kan irin bíréèkì, bíréèkì kú. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lo máa ti mọ̀, nígbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ tí igi sì ń bọ̀ wá pàdé ẹ. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi yìí kan náà ni mo fi ọwọ́ olóròóró di irin bíréèkì iwájú mú láàárọ̀, tí mò ń yí i, tí mò ń yí i, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Bàbá Sípánà tó ń tún kẹ̀kẹ́ wa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. "Ìwọ! Ìwọ kẹ̀! Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó da sípíríìtì sí àkísà, ó nu irin náà, ó tún un nù, ó pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, ó ń kùn. "Ká ní mi ò sí níbí ńkọ́? Bí o ò ṣe ní í sáré lónìí nìyẹn."

Bí n ò ṣe ní í sáré lónìí nìyẹn. Nígbà tó tún un ṣe tán, tó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò, tí bíréèkì sì mú dáadáa, mo ní ó ṣeun. Inú mi sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi bàjẹ́ pé ó mú.

Dúró ná.

Nínú ìdíje tó ṣáájú èyí, awò ojú tí mo fi ń lúwẹ̀ẹ́ ni mo gbàgbé sínú yàrá, Kóòṣì ló sáré padà lọ mú un. Nínú èyí tó ṣáájú ìyẹn, inú rírun. Mo wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn mọ́ mi lórí. Inú náà sì san pátápátá bí mo ṣe jáde nínú omi tí ọwọ́ mi kan kẹ̀kẹ́. Irú inú wo ló ń mọ̀ pé òun ti dé ìdí kẹ̀kẹ́? Nílé ńkọ́... Ọjọ́ tí a bá fẹ́ lọ wẹ̀ ní adágún, ikọ́ á dé. Èjìká á máa ro mí. Mọ́tò ò lépo. Màámi ní kí n wá. Màámi ò pè mí níbì kankan! Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ́ ni, tí kálukú ní ojú ọ̀nà tiẹ̀, tí ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ tí mo lè máa tọ̀, kò sóhun tó ń ṣe mí. Igbó ò ṣe mí ní nǹkan. Ẹrẹ̀, ẹ̀gún, òkúta tó ń yọ̀... mo ti já lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yìí rí tí eegun èjìká mi yẹ̀, mo sì padà gùn ún.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni mò ń sá fún.

Ìdíje kẹta... má lọ síbẹ̀. A ti ní a ò ní lọ síbẹ̀. Ìdíje kẹta ọdún yìí, níbi tí a ti ń yí po bọ́ọ̀lù ńlá tó léfòó láàárín omi, gbogbo wa ya lé ara wa lórí. Gìgísẹ̀ ẹnì kan gbá awò kúrò lójú mi. Ẹlòmíràn gun ẹ̀yìn mi. Mo gbórí sókè kí n lè mí, ọwọ́ kan sì tẹ̀ ẹ́ padà. Kì í ṣe ìkà, ó ń wá ọ̀nà tiẹ̀ ni, èmi náà ti tẹ orí àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Mo mu omi. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mi ò mọ apá ibi tí òkè wà. Ohun tí mo rò — ohun kan ṣoṣo tí mo rò — ni pé fóònù mi ni wọ́n á fi pe Màámi, á sì kọ́kọ́ yọ̀ pé èmi ni.

Mo wá rí ojú ọ̀run. Mo jáde, mo gun kẹ̀kẹ́, mo sáré, mo gba ipò kìíní. Wọ́n yà mí ní fọ́tò, eyín mi funfun báláú. Kóòṣì ní, "Omi ò lè ṣe Ẹja Àrọ̀ ní nǹkan kan!" Mo rín ẹ̀rín ẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an, mi ò sọ fún ara mi.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Tèmi kì í tiẹ̀ ṣe ekòló. Ejò yẹn gan-an ni wọ́n ń ní kí n máa bẹ́ lé lórí ní gbogbo ìdíje.

Ehoro náà wá. Bí wọ́n ṣe kéde tán báyìí, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ korobá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Ẹ̀rù omi yìí máa ń bà mí débi pé mo máa ń bì láàárọ̀ eré." Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ní ebi ń pa òun. Ilẹ̀ ò là. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò láàárín wa. Èmi wá ń dá a lóhùn bí opó: "Kò burú, àbúrò. Bí ayé ṣe rí nìyẹn." Bí ayé ṣe rí! Ẹnu mi yìí.

Ó rọrùn fún un, àbí... kò sẹ́ni tó máa bú òkúta pé ó rì. Ẹja ni kò gbọdọ̀... Ta ló ní ẹja ò gbọdọ̀? Láti kékeré, tí mo bá ti ń sáré bẹ́ sómi láìwẹ̀yìn, Màámi á dúró létí bèbè, á di àyà mú. "Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ o! Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ibi tí mo dúró sí rèé." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ojo ni. Ojo kọ́. Ó kàn mọ ohun tí òun ń wò ni.

Ẹ̀rù omi ń bà mí.

Ó mà kúrú o. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Ẹja Àrọ̀ ń bẹ̀rù omi, ẹ gba mí. Ẹ̀rín ń bọ̀, mi ò lè dá a dúró mọ́, kí n fi aṣọ ìnura bojú... Èjìká mi ń mì. Kóòṣì ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rò pé ẹkún ni. Ó ti yíjú sápá ibòmíràn kí ojú má baà tì mí, ó ń wo táyà tí nǹkan kan ò ṣe. Èèyàn dáadáa ni.

Ara tù mí. Kì í sì í ṣe torí pé omi ò sí lónìí nìkan. Omi á tún wà, adágún ò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn ni mo ti ń rò pé ara mi ló ń bàjẹ́, pé iṣẹ́ yìí ti ń tán lọ́wọ́ mi, pé kò ní pẹ́ tí màá fi gbé akoto kọ́. Kò tán. Ẹ̀rù lásán ni. Ẹ̀rù kì í ṣe òpin iṣẹ́. Èèyàn lè mú un lọ sómi díẹ̀díẹ̀, létí bèbè, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kóòṣì á gbọ́ ọ lálẹ́ yìí. Á kọ́kọ́ pariwo. Lẹ́yìn náà á jókòó.

Wọ́n ti ń pè wá sórí ìlà. Mo bọ́ aṣọ rọ́bà, mo ká a sábẹ́ korobá. Mo fọṣẹ fọwọ́ kí n tó kan ohunkóhun. Bàbá Sípánà ń ṣọ́ mi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ehoro ti dé orí ìlà, ó ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún. Eré ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọmọ yẹn? Ó lè gba ife náà mọ́ mi lọ́wọ́, kò sírọ́ ńbẹ̀. Mi ò ní í fi sílẹ̀ fún un o, á sáré débi tí ẹ̀mí ẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n ì báà gbà á, ì báà má gbà á, tí a bá dé òpin, màá wá a lọ tòun ti ẹrẹ̀ lójú, màá ní, àbúrò, èmi náà.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo so okùn bàtà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dì. Láti ìdíje kẹta, Kóòṣì ló máa ń bá mi fa síìpù aṣọ rọ́bà, mo máa ń sọ fún un pé òtútù ló ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n. Òtútù àárọ̀ yìí le ju ti gbogbo wọn lọ. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo wò wọ́n. Wọn ò gbọ̀n.