Orí Idẹ Tó Gba Kíláàsì Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Gbóyèga ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. O mọ̀ pé igi ni mo ń gbẹ́ kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ idẹ dídà, òní gan-an ni màá sì kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Lójú àlá, mo fi idẹ da ère orí ara mi. Bí mo ṣe fọ́ amọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó lanu, ó ní, "Lọ jókòó lẹ́yìn." Mo sì lọ, èmi ọ̀gá! Ó ń kọ́ wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ìwọ agbẹ́gilére yẹn, ṣé ó yé ọ?"

Mo dìde fùú. "Ó yé mi, sà."

Ìyàwó mi bá jí mi. "Ta lò ń pè ní sà?"

Ojú tì mí láti sọ pé èmi náà ni.