Ohun tí Ìyá Asẹ́ Mọ̀ Nípa Ọjọ́bọ̀

Gbogbo ẹgbẹ́ olùwádìí tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò ní yunifásítì náà ló ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Asẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ohun tó wà nínú àwọn ẹ̀rún tín-tìn-tín tí à ń fà símú láìrí wọn: èwo ni eruku, èwo ni èéfín, èwo ni oòrùn fúnra rẹ̀ sè jáde láti inú oru tó ń kọjá lọ. Ọdún méje gbáko ni Ìyá Asẹ́ fi gun àkàbà lárààárọ̀ lọ sórí òrùlé, láti pààrọ̀ asẹ́ tó ń mú ẹ̀rún wọ̀nyí. Asẹ́ ọ̀hún kò fẹ̀ ju ọmọrí ìgò lọ. Á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á sé èémí kó má baà fẹ́ ẹ dànù, á sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé.

Òun ló mú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, wọ ẹgbẹ́ yìí. Òun ló bá a bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí wọn, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìgò àti bí wọ́n ṣe ń rọra tọ́jú ẹ̀rọ ńlá ìsàlẹ̀ tó ń tú ẹ̀rún palẹ̀. Ọmọ náà já fáfá. Kò tíì lo oṣù mẹ́rin tó fi sáré wọlé tòun ti kọ̀ǹpútà láyà.

"Ọ̀gá, ẹ wo nǹkan! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rún kan ń yọ sókè nínú afẹ́fẹ́. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, kò sí mọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í yin èèyàn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "O káre! Ìwọ lo máa sọ èyí ní àpérò ọdún yìí."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìyá Asẹ́ tó ń fọ ìgò lọ́wọ́ náà pàtẹ́wọ́, omi ń ta sí i lójú. Ní ọdún méje, kò dúró níwájú àpérò rí. Pátákó tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ló máa ń bá wọn gbé. Wọ́n ní ẹni a bá lábà ni baba. Baba abà rèé tó ń gbálẹ̀, àlejò àná ti gorí àga.

Láti ọjọ́ náà lowú ti wọ̀ ọ́ lára. Bí àbúrò rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bíi yẹ̀pẹ̀ ló ń rí lẹ́nu Ìyá Asẹ́. Màmá wọn tún wá tẹ̀ ẹ́ láago: "Àbúrò rẹ ń gbé wa níyì o! Tìrẹ náà ńkọ́? Ìgbà wo?" Ó ní iná fẹ́ tán lórí fóònù òun. Irọ́ ni.

Àṣírí kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìwádìí wọn ni káfíńtà yunifásítì ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì máa ń kó àga jáde tí á fi fánìṣì kùn wọ́n. Atẹ́gùn á gbé òórùn rẹ̀ gòkè tààrà. Ìsàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ni àbúrò máa ń wà; kò mọ̀.

Ọmọ náà béèrè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ òrùlé. Ṣé nǹkan kan wà nítòsí tó lè fa èyí?"

Ìyá Asẹ́ ṣe bí ẹni tó ń rántí. "Rárá. Kò sí."

Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀, ló wí lọ́kàn ara rẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe ọwọ́ òun gan-an ni òkò náà wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àpérò, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àbúrò sọ̀rọ̀, ó dùn létí. Bàbá arúgbó kan níwájú wá nawọ́. "Ọmọ mi, ṣé kò sí ọlọ́dà tàbí káfíńtà kankan nítòsí òrùlé yín?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó nàka. "Kò sí, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Ọdún méje ni wọ́n ti ń gun òrùlé yẹn. Tí wọ́n bá ní kò sí, kò sí."

Gbogbo orí yí padà. Ojú àwọn èèyàn tí Ìyá Asẹ́ ti ń wá láti ọdún méje wá kún ara rẹ̀ bámú. Ó dìde.

"Ó wà. Káfíńtà kan wà. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń kun fánìṣì. Mo mọ̀, mi ò sọ."

Ìka àbúrò rẹ̀ ṣì nà sí i lókè níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n gba kọ́kọ́rọ́ òrùlé lọ́wọ́ rẹ̀. "Òṣùwọ̀n tó bá parọ́, a kì í fi wọn nǹkan." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àbúrò ò fi kí i. Ẹnu ẹlòmíràn ló fi ń ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jókòó sunkún. Ó tọ káfíńtà lọ, ó gba oru fánìṣì sínú àpò, ó gbé e sí oòrùn. Oru lásán ló wọ inú àpò náà. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ̀rún ló kún àpò. Àṣé oòrùn ló ń sọ oru di ẹ̀rún kó tó dé òrùlé! Ìwádìí gidi wá délẹ̀. Ó kù kó fi àwọn asẹ́ àtijọ́ jẹ́rìí sí i, kò sì sẹ́ni tó lè ka ìwé Ìyá Asẹ́ àfi ẹni tó kọ ọ́.

Ọmọ náà wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó na ìwé náà sí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni 'f.k.' tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀?"

"Fánìṣì káfíńtà."

"Láti ọdún méje?"

"Láti ọdún méje."

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. "Mi ò tíì dárí jì yín o."

"Má tíì dárí jì mí. Fa àga yẹn, ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọdún àkọ́kọ́."

Nígbà tí ìwádìí náà jáde, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀, ti àbúrò ló ṣíwájú. Ìyá Asẹ́ wò ó títí.

"Ó ṣì ń ta mí díẹ̀," ló wí.

"Mo rí i lójú yín," lèsì àbúrò rẹ̀. "Ó sàn bí ẹ ṣe sọ ọ́ jáde yìí."