Gọ́tà Tó Kọjú sí Pápá

Omi inú rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Obìnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Gbọnrangandan wò ó, ó tún un wò, ó sì ní kí bíríkìlà tó di ìdí kejì mú sọ ohun tí òun náà rí. Ohun kan náà ni. Gọ́tà tuntun tó yẹ kó máa kó omi kúrò lẹ́bàá pápá bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sínú odò, pápá gan-an ló kọjú sí. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, gbogbo omi ibi ìgbọ́kọ̀sí yóò ṣàn wá sábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran bí àlejò tí wọ́n fìwé pè.

Kò pariwo. Ó ká rọ́bà náà, ó gbé e kọ́ èjìká.

Nítorí pé kò lè rí ohun tó wọ́ kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un lórúkọ yẹn, òun sì ni alábòójútó iṣẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, erùpẹ̀ pupa lásán ló yí pápá yìí ká. Ọkọ̀ a dùbúlẹ̀ káàkiri bí ewúrẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán, ẹlẹ́sẹ̀ a máa fò nínú ẹrẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti to òkúta, wọ́n ti la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ti gbin koríko, igi ńlá méjèèje tó wà níbẹ̀ sì dúró síbẹ̀, nítorí ó ti sọ pé ẹni tó bá gé ọ̀kan yóò gbin ogún. Ó ku gọ́tà, ó ku ọ̀dà dúdú tí wọ́n máa tẹ́ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìdíje àkọ́kọ́ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ ọ̀dà àti ẹ̀rọ tí ń tẹ ilẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀.

Ó lọ bá olórí àwọn bíríkìlà. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, Bàbá Kékeré ló sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ga débi pé ó ń tẹ orí ba kó tó wọ ilé. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di ṣọ́bìrì mú.

"Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́. Ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibi tí o ní ká ti bẹ̀rẹ̀ náà ni. O ní láti òkè."

"Òkè wo?"

Ọkùnrin náà yọ pláànù nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí bárò, ó fi àtàǹpàkò tẹ apá òkè bébà náà. "Òkè rèé. O fẹ́ kí n máa kọ́ ẹ ní òkè àti ìsàlẹ̀?"

Odò ni ayàwòrán yà sí apá òkè bébà. Pápá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ó yé e kíá. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí gọ́tà, ó sì pe Bàbá Kékeré lórí fóònù pé, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kó máa jìn sí i bí ẹ ṣe ń lọ." Ibi tí ilẹ̀ ga ló ní lọ́kàn, lẹ́bàá ògiri pápá. Ẹni tó gbọ́ ọ wo òkè inú pláànù. Ilẹ̀ náà kò sì lè bá wọn tún un ṣe, nítorí lójú lásán ó tẹ́ bí ẹní. Láti pápá dé odò, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ọmọ agboolé kan náà ni àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ, òkè méjì ni wọ́n gbọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni bíríkìlà kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu sọ. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì lèyí. Bóyá omi ibí mọ̀wé, á wo pláànù kó tó ṣàn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ká pláànù náà, ó ń ká a sí kékeré, ó ń ká a sí kékeré sí i.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, akoto funfun lórí, tí kò tíì sí erùpẹ̀ kankan lára rẹ̀ rí.

"Madam, kí ló dá ọkọ̀ ọ̀dà dúró?"

Ó ṣàlàyé fún un. Kò fi iyọ̀ sí i.

"Mítà mélòó lẹ ti mọ?"

"Ogójì."

"Ẹ bò ó. Lẹ́yìn ìdíje ẹ lè wá tún un ṣe. Ta ló máa rí i lábẹ́ ìdérí?"

"Omi á rí i, sà."

Ọkùnrin náà wo òfuurufú. Ìkùukùu kankan ò sí níbẹ̀. "Òjò ò tíì fẹ́ rọ̀."

"Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò ní dúró de òjò. Tí ẹ bá da ọ̀dà lé e lórí, a máa fọ́ ọ̀dà ká tó fọ́ gọ́tà. Iṣẹ́ méjì la máa bàjẹ́ nítorí ẹyọ kan."

"Ta ló fa àṣìṣe yìí?"

Ojú mélòó kan yà sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré. Gbọnrangandan mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà ti dàgbà tó ẹni tí ọ̀gá a máa wá ẹ̀sùn sí lẹ́sẹ̀ láti fi lé e lọ. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, òun sì mọ ìka tó ṣẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Mo sọ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì, mi ò dúró béèrè èyí tí wọ́n gbọ́. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe."

"Ẹ jẹ́ kó yé wa nígbà náà. Tí ọjọ́ bá pé tí ibí ò ṣeé ṣí, ẹlòmíì ni yóò máa di rọ́bà yẹn mú."

"Ó yé mi. Ọjọ́ mẹ́ta fún gọ́tà, mẹ́ta fún ọ̀dà, méjì fún ìlà funfun. Ó ku ọjọ́ kan tí ẹ lè fi sin mí."

Ẹlẹ́nu wúkọ́ láti fi pa ẹ̀rín mọ́ra. Ọ̀gá Iṣẹ́ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, lẹ́tà rẹ̀ tò gbọọrọ bí ẹni pé ó ta okùn sábẹ́ wọn.

Bí ọkùnrin náà ṣe lọ, Gbọnrangandan mú hámà ńlá, ó kọjú sí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Ọwọ́ kan di hámà náà mú láti ẹ̀yìn.

"Gbé e wá," ni Bàbá Kékeré wí. "Ẹni tó mọ ọ́n ló mọ ibi tó ti máa là. Tí ìwọ bá fọ́ ọ, ìdajì búlọ́ọ̀kù á run."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mò ń bínú. Ìyẹn ò ní kí ọwọ́ mi máà ṣiṣẹ́. Lọ ta okùn ẹ."

Ó lọ ta okùn tí gọ́tà tuntun máa tọ̀. Kò gbà kí wọ́n da ohunkóhun nù. Búlọ́ọ̀kù tó jáde ní odidi, wọ́n ha á, wọ́n tò ó jọ. Èyí tó fọ́, wọ́n fi kún abẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ó fi aṣọ wé e. Mítà mẹ́rin-mẹ́rin ló ń mú rọ́bà jáde fi wọn ilẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ ìkarùn-ún kó tó fọwọ́ sí ìkẹrin. Àwọn òṣìṣẹ́ ráhùn. Ó ní kí wọ́n máa ráhùn, kí ọwọ́ má ṣáà dúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù omi kan wá sẹ́bàá ògiri pápá, Bàbá Kékeré sì dojú rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wọn tò sí etí gọ́tà. Omi náà lọ, ó dúró níbi ìsopọ̀ kan, ó fẹ̀ díẹ̀. Gbọnrangandan kúnlẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ni omi gba orí ìsopọ̀ náà kọjá, ó sì ń sáré lọ sọ́nà odò láì wẹ̀yìn.

Bàbá Kékeré nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó wò ó títí omi fi kán sódò, ó ní, "Ó lọ."

"Ó lọ, Bàbá."

Gbọnrangandan yíjú sí ẹnu géètì, ó sì juwọ́ sí awakọ̀ ọ̀dà pé kó máa bọ̀.